Bí a ṣe ń gbé orin inú CD sórí ẹ̀rọ orin alágbèéká láì ba ohùn rẹ̀ jẹ́

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Èkìtì, láti Adó títí dé Ọ̀mùò, CD ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ tàbí lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n: èyí tí ẹgbẹ́ akọrin ṣe nígbà ayẹyẹ àádọ́ta ọdún ìjọ, èyí tí wọ́n fi gba orin àwọn àgbà obìnrin sílẹ̀ níbi ìsìnkú ìyá àgbà, èyí tí wọ́n pín fún àwọn àlejò níbi ìwúyè. Irú orin bẹ́ẹ̀ kì í sábà sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì sí ilé iṣẹ́ kan tí a lè tọ̀ lọ pé kí ó tún tẹ òmíràn fún wa. Bí àwo náà bá ti kọ̀ láti ṣiṣẹ́, orin náà lọ nìyẹn. Èyí tó tún mú kí ọ̀rọ̀ náà jẹ mí lógún ni pé púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe àwo tí ilé iṣẹ́ tẹ̀, bí kò ṣe èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kọ, tí abẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù tàbí àwọ̀ ewé. Aró ni wọ́n fi gba orin sílẹ̀ lórí irú àwo yìí, oòrùn àti ooru sì máa ń mú kí aró náà ṣá díẹ̀díẹ̀.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ní irú CD bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, tó sì fẹ́ máa gbọ́ ọ lórí ẹ̀rọ orin alágbèéká, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń lo mẹ́mọ́rì káàdì, tí ènìyàn lè fi sápò lọ sóko ní Ìkọ̀lé tàbí kí ó máa gbọ́ ọ nínú mọ́tò láti Adó lọ sí Ìbàdàn, láìná kọ́bọ̀ lórí dátà, láìsí pé bátìrì fóònù ń tán.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ṣáájú ohun gbogbo ni pé ẹ̀dà méjì ni ẹ ó ṣe, kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ̀dà kìn-ín-ní ni ẹ̀dà ìpamọ́, tí gbogbo ohun tó wà lórí CD yóò wà nínú rẹ̀ láìdín. Ẹ̀dà kejì ni ẹ̀dà ìlò, tí a dín kù kí ó lè gba inú ẹ̀rọ kékeré. Àwọn tó ń bá ni gbé orin sórí fláàṣì lọ́jà kì í sábà ṣe èyí àkọ́kọ́. MP3 ni wọ́n máa ń sọ orin náà dà lójú ẹsẹ̀, tí oníbàárà bá sì ti gba fláàṣì rẹ̀, yóò gbé CD jù sí kọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ohun tó jẹ́ kí MP3 kéré ni pé ó ń yọ apá kan ohùn dànù, pàápàá apá tí etí kì í gbọ́ dáadáa nígbà tí ohùn mìíràn tó lágbára bá bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí ó bá ti yọ, kò ṣe é dá padà. Iṣu tí a ti gún di iyán kì í padà di iṣu. MP3 tí a bá tún yí padà sí WAV, ìyẹn irú fáìlì tí kì í fún ohùn pọ̀, yóò kàn gba àyè púpọ̀ bíi ti CD ni, ohùn rẹ̀ kò ní sunwọ̀n ju bó ṣe wà lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú àwo tó wà lọ́wọ́ yín

Oríṣi àwo mẹ́ta ló wọ́pọ̀ láàárín wa, ojú lásán kò sì lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Ẹ fi àwo náà sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ ṣí i wò bí ẹ ṣe ń ṣí fódà. Bí ẹ bá rí àwọn fáìlì tí orúkọ wọn parí sí .mp3, wọ́n ti sọ orin náà di MP3 kí wọ́n tó kó o sórí àwo. Ẹ dà wọ́n kọ sórí kọ̀ǹpútà bí wọ́n ṣe wà, kí ẹ má sì yí wọn padà mọ́, nítorí pé yíyí MP3 sí MP3 mìíràn tún ń yọ nǹkan kún èyí tó ti yọ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí fódà tí ń jẹ́ MPEGAV, tí fáìlì inú rẹ̀ parí sí .dat, VCD ni. Fídíò ló wà níbẹ̀, ètò kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ VLC sì lè fa ohùn inú rẹ̀ yọ nìkan.

Bí ó bá jẹ́ Track01.cda, Track02.cda àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ni ẹ rí, CD orin gan-an nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á kó gbogbo fáìlì .cda náà sórí fláàṣì, fláàṣì á to orin méjìlá sójú kọ̀ǹpútà lẹ́sẹẹsẹ, inú wọn á dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá fi í sínú ẹ̀rọ, kò ní dún rárá. Ẹ wo ìwọ̀n fáìlì náà: báìtì 44 péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ì báà jẹ́ pé orin náà gùn tó 20 ìṣẹ́jú. Kò sí orin kankan nínú rẹ̀. Windows kàn ń fi í tọ́ka sí ibi tí orin ti bẹ̀rẹ̀ lórí àwo àti bí ó ṣe gùn tó ni. Nítorí náà, a kò lè da CD orin kọ bí a ṣe ń da fáìlì mìíràn kọ; a nílò ètò kọ̀ǹpútà tí yóò ka àwo náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí yóò sì fa orin inú rẹ̀ jáde.

Orin inú CD pọ̀ ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Láti ìgbà tí Philips àti Sony ti gbé CD jáde ní ọdún 1982 ni ìlànà rẹ̀ kò ti yí padà: ìgbà 44,100 ni wọ́n wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, fún apá òsì àti apá ọ̀tún, bíìtì 16 sì ni wọ́n fi kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Èyí jẹ́ nǹkan bíi 1,411 kbps (ẹgbẹ̀rún bíìtì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), tí wákàtí kan rẹ̀ tó 635 MB. Ẹ̀rọ kékeré tó ní àyè 4 GB kò lè gba ju CD mẹ́fà lọ bí a bá kó wọn síbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà.

Ìpalẹ̀mọ́

Ẹ wá kọ̀ǹpútà tó ní ojú ìka-CD. Púpọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù tuntun kò ní i mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìka-CD wà tí a ń fi wáyà USB so mọ́ ọn. Ọ̀kan ṣoṣo tó fún gbogbo ẹgbẹ́ akọrin láti máa yá ara wọn lò. Ètò tí mo fi ọkàn tán jù lọ fún iṣẹ́ yìí ni fre:ac, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux, òun kan náà ló sì ń fa orin jáde tó tún ń yí i padà. Ẹni tí nǹkan bá ti ha CD rẹ̀ gidigidi, tó sì ń lo Windows, lè lo Exact Audio Copy, tí ó máa ń ka ibì kan náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ó tó gbà pé òun kà á re. Ẹ jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù gba iná dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ ń ka CD, CD náà kò ní bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá lọ nígbà tí ẹ ń kó orin sórí mẹ́mọ́rì káàdì, gbogbo ohun tó wà lórí káàdì náà lè dàrú.

Lẹ́yìn náà, ẹ nu àwo. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń wọ inú páálí CD bí a tilẹ̀ dé e. Aṣọ rírọ̀ tó mọ́ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì nù ún láti àárín wá sí etí ní tààrà. Ẹ má ṣe nù ún ní yíyípo. Ìdí rẹ̀ ni pé orin wà lórí àwo ní ìlà kan tó ń yí po láti inú wá síta. Ẹ̀rọ lè fi ọgbọ́n tún èyí tí ìlà híha kékeré bá gé kọjá ṣe, ṣùgbọ́n bí ìlà náà bá ń bá orin lọ lójú ọ̀nà kan náà, ohun tó bàjẹ́ ti pọ̀ ju ohun tí ó lè tún ṣe. Bí òróró tàbí àmì ìka bá wà lára rẹ̀, omi tó mọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ tó. Ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí pẹtiróòlù kàn án. Kí ẹ sì ṣọ́ ojú tí àkọlé wà ju abẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí abẹ́ àkọlé gan-an ni awọ fàdákà tó gbé orin dúró wà, ohun tó bo o kò nípọn rárá. Bírò tí a fi kọ orúkọ sórí rẹ̀ ti pa ọ̀pọ̀ CD.

Fífa orin jáde: ẹ̀dà ìpamọ́

Ẹ ṣí fre:ac, kí ẹ fi CD sí i. Ẹ lọ sí "Options", kí ẹ wọ "General settings", kí ẹ sì yan FLAC gẹ́gẹ́ bí irú fáìlì tí ẹ fẹ́. FLAC, tó jáde ní ọdún 2001, máa ń fún orin pọ̀ láìyọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Ó sábà máa ń gba ìdajì àyè CD tàbí kí ó lé díẹ̀, bí a bá sì tú u, bíìtì kọ̀ọ̀kan yóò padà sí ipò rẹ̀. Níbi ìtòlẹ́sẹẹsẹ CD nínú ètò náà, ẹ fi àmì sí cdparanoia bí nǹkan bá ti ha àwo. Iṣẹ́ yóò falẹ̀, àmọ́ ètò náà yóò máa ka ibi tí nǹkan ha náà ní àkàtúnkà. Ẹ yan fódà tí orin yóò bọ́ sí, kí ẹ fi àwọn orin CD náà kún àtòkọ, kí ẹ wá tẹ ibi tí ó ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àwọn tó ń lo Windows Media Player náà lè fa orin jáde sí FLAC lórí Windows 10, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo irú fáìlì tí ó wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ WMA, kí wọ́n yí i sí FLAC kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ kékeré mìíràn kì í ka WMA rárá.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ gbọ́ orin tó gbẹ̀yìn ṣáájú èyí tó ṣíwájú. Inú ni CD ti ń bẹ̀rẹ̀, etí ló ń parí sí, etí yìí sì ni ìka wa máa ń fọwọ́ kàn jù. Bí orin ìkẹyìn bá ń já gaara, tí kò ta pàtì, tí kò fò, ó ṣeé ṣe kí gbogbo rẹ̀ dára. Bí ó bá ń ta pàtì, ẹ tún àwo nù, kí ẹ sì gbìyànjú ẹ̀rọ ìka-CD mìíràn. Èyí tí ẹ̀rọ kan kọ̀, òmíràn lè kà á láìsí wàhálà.

Orúkọ orin, àti ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀

Fre:ac lè wá orúkọ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n fún CD ẹgbẹ́ akọrin Ìjerò tàbí Ìsẹ̀, ẹ má retí pé yóò rí ohunkóhun. Nígbà mìíràn pàápàá, yóò gbé orúkọ CD ẹlòmíràn láti ilẹ̀ òkèèrè wá, nítorí iye orin àti gígùn wọn ni ó fi ń wá a. Ẹ kọ ọ́ fúnra yín.

Mo rọ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ níbí ju ibikíbi lọ. FLAC gba gbogbo àmì ohùn Yorùbá àti gbogbo àmì abẹ́ lẹ́tà, nítorí náà ẹ kọ orúkọ orin pé pérépéré nínú ẹ̀dà ìpamọ́. Bí ó bá jẹ́ èdè Èkìtì ni wọ́n fi kọrin, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe pè é lẹ́nu; bí wọ́n bá ní "ulé", ẹ má yí i sí "ilé". Lẹ́yìn èyí, ní àyè tí ètò náà pè ní "Comment", ẹ kọ ẹni tó dá orin, ẹni tó lu ìlù, ìlú tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀, ọdún àti ayẹyẹ tó fà á. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ gbé ẹ̀rọ náà tọ àgbà tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ fi orin sí i, kí ẹ sì bi í pé, "Ìyá wa, ta ló ń dá orin yìí?" Ohùn tí ẹ ń pa mọ́ yìí jẹ́ ti ẹnì kan tó ní orúkọ, páálí CD kì í sì í sábà kọ ọ́ síbẹ̀.

Yíyí i padà: ẹ̀dà ìlò

Nísinsìnyí, ẹ fi àwọn fáìlì FLAC náà kún àtòkọ fre:ac, kí ẹ yan LAME, tí ń ṣe MP3, kí ẹ sì yan fódà mìíràn kí ẹ̀dà méjèèjì má bàa dàpọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn irú fáìlì tuntun wà tó ṣe dáadáa ju MP3 lọ, ṣùgbọ́n láti ọdún 1995 tí àwọn onímọ̀ Fraunhofer ní Jámánì ti fún un ní orúkọ yìí, kò tíì sí èyí tí àwọn ẹ̀rọ kékeré gbà tó o. Ẹ̀rọ tí ẹ bá rà ní Ọjà Ọba ní Adó lè má ka FLAC, ó lè má ka AAC, àmọ́ yóò ka MP3.

Iye kbps ni ohun tó kù láti pinnu. Fún ìwàásù tàbí ìtàn tí ẹnì kan ṣoṣo ń sọ, 64 kbps ní ohùn kan, ìyẹn mono, ti tó. Wákàtí kan rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 29 MB lọ. Fún orin, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 192 kbps, tí wákàtí kan rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 86 MB, tí káàdì 8 GB yóò sì gba bíi 90 wákàtí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yan 128 kí orin tó pọ̀ lè wọlé. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi íápíìsì sétí, kí ẹ tẹ́tí sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo nínú orin kan náà ní 128 àti ní 192. Ohùn ènìyàn lè má yàtọ̀, ṣùgbọ́n ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín: ìlẹ̀kẹ̀ tó ń dún lọ́kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀ yóò dà pọ̀, yóò sì máa ṣàn. Fún orin tí irú ohùn bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, 256 ni mo máa ń yàn.

Ẹ yan CBR, tí iye kbps rẹ̀ dúró lójú kan. VBR, tí iye tirẹ̀ ń yí padà bí orin ṣe ń lọ, ń lo àyè lọ́nà tó mọ́gbọ́n wá, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú mìíràn máa ń ṣi ìṣẹ́jú rẹ̀ kà, bí ẹ bá sì fẹ́ sáré lọ sí àárín orin, ibòmíràn ni yóò gbé yín lọ. Ẹ fi 44.1 kHz sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Kò sí èrè kankan nínú sísọ ọ́ di 48.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan orin ilẹ̀ wa gan-an. Orin òde ayẹyẹ kì í dúró láàárín. Olórin á ti inú orin kan bọ́ sínú òmíràn, ìlù ò ní sinmi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti gé e sí ojú mẹ́rin tàbí márùn-ún lórí CD. Bí ẹ bá yí i sí MP3 lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ kékeré yóò máa dákẹ́ díẹ̀ ní oríta kọ̀ọ̀kan, ìlù á já. Fún irú CD bẹ́ẹ̀, ẹ fi àmì sí ibi tí fre:ac ti ń so gbogbo orin pọ̀ di fáìlì kan. Ẹ ó pàdánù àǹfààní fífo láti orin kan sí èkejì, ṣùgbọ́n ìlù kò ní já, èyí ló sì tẹ́ mi lọ́rùn jù. Nínú ẹ̀dà ìpamọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí CD ṣe tò wọ́n.

Bí CD kan bá ń pariwo ju èkejì lọ, MP3Gain lè mú ohùn wọn dọ́gba láìtún MP3 náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kíkó o sórí ẹ̀rọ

Orúkọ fáìlì ti ẹ̀dà ìlò gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ̀dà ìpamọ́. Ojú ẹ̀rọ kékeré kì í sábà lè kọ ẹ, ọ àti ṣ pẹ̀lú àmì wọn. Àpótí kékeré tàbí àmì ìbéèrè ni yóò fi rọ́pò wọn. Ẹ kọ orúkọ fáìlì láìsí àmì, kí nọ́mbà onídìíjíìtì méjì ṣíwájú rẹ̀: 01 Iwole, 02 Orin Iyin, 03 Orin Ope. Bí ẹ bá kọ 1 dípò 01, orin kẹwàá lè ṣáájú orin kejì. Bí ètò yín bá fún yín láyè láti yan irú ID3, ìyẹn àkọsílẹ̀ orúkọ orin àti olórin tó wà nínú MP3, ẹ yan 2.3, èyí tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi àwòrán páálí sí i, kí ó jẹ́ JPEG tí kò ju 500 lórí 500 lọ, torí àwòrán ńlá máa ń mú kí ẹ̀rọ náà falẹ̀ tàbí kí ó má fi nǹkan kan hàn.

Káàdì tó bá jẹ́ 32 GB tàbí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ ló bá irú ẹ̀rọ yìí mu, FAT32 sì ni kí ìlànà tí a fi ń to fáìlì sórí rẹ̀ jẹ́. Àwọn tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń wá pẹ̀lú exFAT, ẹ̀rọ náà á sì máa sọ pé kò sí káàdì nínú òun. Ẹ kó fódà kan tán kí ẹ tó kó òmíràn, nítorí pé ẹ̀rọ púpọ̀ kì í wo orúkọ rárá. Bí fáìlì ṣe tẹ̀léra wọlé sórí káàdì ni wọ́n fi ń tò ó. Bí orin bá wọlé ní ìdàrúdàpọ̀, ẹ pa fódà yẹn rẹ́ lórí káàdì, kí ẹ sì tún un kó ní ẹyọ ẹyọ láti 01. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ sọ fún kọ̀ǹpútà pé ẹ fẹ́ yọ káàdì náà, kí ẹ dúró dìgbà tí yóò gbà, kí ẹ tó fà á yọ.

Orin olórin tó ń ta iṣẹ́ rẹ̀, etí tiyín ni kí ẹ ṣe é fún. Kíkó o sórí káàdì tà fún ẹlòmíràn jẹ́ gbígba oúnjẹ lẹ́nu olórin náà, òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ilẹ̀ Nàìjíríà sì lòdì sí i.

Ní ti ẹ̀dà ìpamọ́, ẹ fi fódà FLAC náà sí ibi méjì, kí ọ̀kan má sì sí nínú ilé yín: ẹ lè gbé e fún ọmọ tó wà ní Èkó tàbí akọ̀wé ẹgbẹ́ akọrin. Ẹ dá CD padà sínú páálí rẹ̀, kí ẹ gbé e sí ibi tí oòrùn fèrèsé kò ti lè bá a. Lọ́dọọdún, ẹ ṣí fáìlì mélòó kan lórí àwọn ẹ̀dà méjèèjì gbọ́. Bí ọ̀kan bá ti ń ṣàárẹ̀, ẹ dà á kọ láti ara èkejì kí ọjọ́ tó lọ.